Ọmọ tó ń lo tramadol, ohun tó yẹ kí ará ilé mọ̀

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tramadol, oògùn ara ríro tó ń di bárakú, torí lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ tí mò ń ṣe, gbogbo ìgbà ni ìyá kan máa ń jókòó síwájú mi, á máa sunkún pé "àǹtí nọ́ọ̀sì, ayé ti ṣe ọmọ mi". Ìyá wa, oògùn ló wà lára ẹ̀.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Àwọn tó ń wa yanrìn lódò, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń gbẹ́rù ní Sábó, iṣẹ́ wọn le, ẹ̀yìn á máa ro wọ́n, ẹnìkan á wá ní "gbé eléyìí sẹ́nu, o ò ní mọ̀ pó o ṣiṣẹ́". Kò sì ní mọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kò ní pẹ́ tí ara á fi mọ́ ọn, 50mg ò ní ràn án mọ́, á di 100, á di 225 tí NAFDAC ò fọwọ́ sí rárá.

Ọjọ́ tí kò bá wá rí i lò, omi á máa jáde nímú ẹ̀, á máa yán, á máa làágùn nínú òtútù, inú á máa run ún, á máa yàgbẹ́ gbuuru, gbogbo eegun á máa dùn ún, kò ní róorun sùn. Ẹni tó wà nínú irú ìyẹn á ta ohun tọ́wọ́ ẹ̀ bá bà. Ìyá kan tó ń se oúnjẹ tà sọ fún mi pé òun lọ pọnmi, kóun tó dé ọmọ ti tú sílíńdà gáàsì lọ, ìkòkò ẹ̀wà ṣì gbóná lórí sítóòfù. Sílíńdà kọ́ ló ń dùn ún jù o, àbúrò ọmọ yẹn tó wà ní JSS 3 ni, tó ń fi yúnífọ́ọ̀mù àti bàtà ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí sùn kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ má bàa tà á. Ọmọ yẹn ò fẹnu kan nǹkan kan, àmọ́ kì í sùn dáadáa mọ́, kì í mú ọ̀rẹ́ wálé, bàbá ń bú ìyá pé òun ló kẹ́ ẹ bà jẹ́, ìyá ń bú ìran bàbá. Àbúrò ni gbogbo ilé máa ń gbàgbé.

Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín pa á mọ́ra. Ìwádìí 2018 tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, àti UNODC, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ oògùn olóró ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe sọ pé 33% àwọn ará Èkó tó wà láàrin ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn láàrin ọdún kan, ọtí àti sìgá ò sí níbẹ̀ o.

Ẹ má sì dè é mọ́lẹ̀ nílé àdúrà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni mi ò fẹ́. Ó lè jáde níbẹ̀ kára ẹ̀ máa dán, àmọ́ ara tí kò rí oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ò lè gbé iye tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́, tó bá padà sórí iye yẹn, pàápàá tó bá fi paraga tàbí Rohypnol, oògùn oorun, sí i, èémí ẹ̀ lè dúró lójú oorun. Ìgbà yẹn gan-an ló léwu jù.

Tramadol tó bá pọ̀ tún máa ń fa gìrì fún ẹni tí kò ní wárápá rí. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má ki ẹsẹ̀ ẹ̀ bọná. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ Jẹ́nẹ́rà kíá. Tó bá sì ń hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì, tí ètè ẹ̀ ń ṣú, tẹ́ ẹ jí i tí kò jí, ẹ má sọ pé ó ń sùn. Abẹ́rẹ́ naloxone lè dá èémí padà, torí náà ẹ sọ ohun tó lò gan-an fún dókítà.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tójú ẹ̀ bá dá, kì í ṣe nígbà tó bá ti lò ó. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yaba ń tọ́jú ẹ̀, ti Aro l'Abẹ́òkúta náà ń tọ́jú ẹ̀, àwọn NDLEA náà ń gbani nímọ̀ràn. Tó bá padà sídìí ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò túmọ̀ sí pé owó yín ṣòfò, ẹ tún mú un wá, ọ̀pọ̀ ni kì í jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan.