Ara Akànṣẹ́ Mọ̀ Ọ́n, Ẹnu Kóòṣì Ò Tíì Mọ̀ Ọ́n

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni ọmọ ọdún 16 kan bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí èsì fún. Mo ti ju jáàbù hàn án tó ìgbà 20, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ gbọọrọ tí ọwọ́ iwájú máa ń jù. Mo ń jù ú, mo ń sọ pé, "Ṣé o rí i? Báyìí ni." Ọmọ náà ní, "Kóòṣì, mo rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ ń kúrò nílẹ̀?" Mo ní kó lọ mu omi ná. Mo wọ kọ̀rọ̀ lọ, mo ń ju jáàbù sínú afẹ́fẹ́, mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ àlejò. Ọdún 11 ni mo fi jà, mi ò sì mọ̀. (Ẹsẹ̀ iwájú ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í.)

Ìdí nìyí tí ẹ̀rín fi máa ń pa mí bí akànṣẹ́ tó ń múra àtifẹ̀yìntì bá ní òun á kàn di kóòṣì, bí ẹni fẹ́ bọ́ sí yàrá kejì nínú ilé kan náà. Ohun téèyàn bá ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà máa ń kúrò lórí, á wọ inú ara lọ. Bó ṣe yẹ kó rí fún ẹni tó ń jà nìyẹn, torí ẹ̀ṣẹ́ kì í dúró de ẹni tó ń ronú. Àmọ́ ẹni tó ń kọ́ni gbọ́dọ̀ tún tú u jáde kúrò nínú ara, kó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ọ̀rọ̀ náà sì kéré débi tí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ á fi lè gbọ́ ọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ ìyẹn. Fóònù ni mo gbé kalẹ̀, mo ń ya ara mi, lẹ́yìn náà mo ń wò ó díẹ̀díẹ̀, mo ń kọ ohun tí ìgbáròkó ṣe àti ohun tí gìgísẹ̀ ṣe sínú ìwé.

Tèmi tún le sí i, torí inú kickboxing ni mo ti wá, ìjà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ jà. Níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ̀gbẹ́ dúró jù, wọ́n á máa ta á nípàá ní itan iwájú títí tí kò fi ní lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́. Ẹni tó bá sì tẹrí ba jù láti yẹ ẹ̀ṣẹ́, orúnkún ló ń lọ pàdé. A máa ń dúró gangan, àyà á kọjú sí alátakò díẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú á fúyẹ́ kó lè tètè gbéra dí ìpá. Gbé ìdúró yẹn dé ibi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, gbogbo rẹ̀ di àléébù: àyà ti là sílẹ̀, orí ò kúrò lójú kan, ẹsẹ̀ tó fúyẹ́ ò sì rí ilẹ̀ tẹ̀ kó fi ti ẹ̀ṣẹ́ jáde. Ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ mi ń dúró bí ẹni tó ń retí ìpá tí ẹnikẹ́ni ò ní ta. Mi ò fẹnu kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n sì kó o.

Mo gbé ìtìjú tì, mo lọ dúró sínú ìlà pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ kóòṣì àgbà kan. Bó o bá ti inú ìjà mìíràn wá, ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ nìyẹn. Kì í ṣe pé ohun tó o mú wá ò wúlò. Ẹni tó ti ja ìjàkadì mọ bí ìwọ̀n ara ṣe ń yí, ẹni tó ti ja taekwondo mọ bí àlàfo àárín èèyàn méjì ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Àmọ́ ìwọ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó o mọ èyí tó o máa fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Páàdì dídìmú, ìyẹn tìmùtìmù tí kóòṣì ń kì bọwọ́ kí ọmọ máa kan ẹ̀ṣẹ́ sí i, ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ máa ń rí fọ́nrán kóòṣì tí páàdì rẹ̀ ń ró pà-pà-pà, gbogbo èèyàn á sì máa pàtẹ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà kóòṣì fúnra rẹ̀ ló ń fi páàdì gbá ẹ̀ṣẹ́ kí ariwo lè jáde. Ibi tí orí èèyàn wà gan-an ló yẹ kí páàdì wà, kì í ṣe kí wọ́n nà án sí ẹ̀gbẹ́ bí apá ẹyẹ, torí ọmọ tó bá ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ á lọ máa na etí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ ìjà. Kí páàdì pàdé ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ má bàa nà kọjá bó ṣe yẹ. Ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká kóòṣì náà ń kó ìyà tirẹ̀ jẹ níbẹ̀. Èjìká mi òsì ò dùn mí tó báyìí nígbà tí mo ń jà.

Ṣé ẹni tó bá gba bẹ́líìtì jù ló máa ń kọ́ni jù? Rárá o. Angelo Dundee, kóòṣì tó dúró ti àwọn àgbà akànṣẹ́ bíi Muhammad Ali àti Sugar Ray Leonard, ò lókìkí kankan gẹ́gẹ́ bí akànṣẹ́. Emanuel Steward jà dáadáa, ó gba Golden Gloves, ìdíje àwọn akànṣẹ́ tí kì í jà fún owó, ti gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, àmọ́ ojú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni ńlá ní jíìmù Kronk ní Detroit. Thomas Hearns tó kọ́ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀ṣẹ́ dá èèyàn dùbúlẹ̀ kó tó bọ́ sí ìjà owó. Steward rí agbára tó fara pamọ́ sínú ara gígùn yẹn, ó sì sọ ọ́ di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Ojú ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún kóòṣì.

Ibi tí ojú yẹn ti ń ṣiṣẹ́ jù ni igun ríìngì. Ìṣẹ́jú kan péré ló wà láàárín ráùǹdì kan sí òmíràn. Yọ ìgbà tó fi rìn wá jókòó àti ìgbà tó fi dìde, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Nínú rẹ̀ la ti ń fọ ìdáàbòbò eyín, tá a ń fi irin tútù tẹ ibi tó wú (títẹ̀ ni o, kì í ṣe fífà), tá a ń fi òwú tí a rẹ sínú adrenaline, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, di ojú ọgbẹ́, ká tó fi fasilíìnì bò ó. Mi ò ní la ẹnu mi títí ọmọ á fi mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ohun kan ṣoṣo: "Tó bá ju jáàbù, ọwọ́ yẹn ń padà nísàlẹ̀. Fi ọ̀tún lé e." Kóòṣì tuntun máa ń da ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ torí ẹ̀rù ń ba òun fúnra rẹ̀.

Ohun tó wá ṣòro jù fún ẹni tó ti jà rí ni dídá ìjà dúró. Gbogbo ìgbésí ayé wa ni wọ́n fi kọ́ wa pé a ò gbọ́dọ̀ jáwọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́: akíkanjú tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ni í bá ogun lọ. Nígbà ìjà kẹta Ali àti Joe Frazier, ní Philippines, lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1975, ráùǹdì kan péré ló kù nínú 15. Ojú Frazier ti wú débi pé kò rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ mọ́. Ó fẹ́ dìde. Eddie Futch, kóòṣì rẹ̀, kọ̀. Futch fúnra rẹ̀ ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí, àìsàn ọkàn ni kò jẹ́ kó bọ́ sí ìjà owó. Ọdún méje lẹ́yìn náà, Kim Duk-koo, akànṣẹ́ ará South Korea, ja dé ráùǹdì 14 pẹ̀lú Ray Mancini ará Amẹ́ríkà, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni WBC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ àgbáyé tó ń fúnni ní bẹ́líìtì, gé ìjà bẹ́líìtì wọn kù sí ráùǹdì 12, táwọn àjọ yòókù sì tẹ̀ lé e.

Futch yìí kan náà ló sọ fún Freddie Roach, ọmọ rẹ̀ nínú ríìngì, pé ó tó kó fẹ̀yìn tì. Roach ò gbọ́. Ó tún jà, ó ń fìdí rẹmi. Àìsàn Parkinson, tó ń mú ara gbọ̀n, mú un nígbà tó yá. Nígbà tó jáwọ́ nínú ìjà, ó padà sọ́dọ̀ Futch gẹ́gẹ́ bí igbákejì, ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì wá kọ́ Manny Pacquiao, akànṣẹ́ ńlá ará Philippines.

Lórí owó: nínú ìjà owó, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó akànṣẹ́ ni kóòṣì máa ń gbà, ìdá 10 nínú owó kékeré sì kéré. Àwọn tó kàn fẹ́ dín ọ̀rá kù ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Gba ìwé ẹ̀rí àjọ tó ń ṣàkóso eré náà níbi tó o wà, kó o sì kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ní ọdún tó kọjá, mo gun etí ríìngì dá ìjà ọmọ mi kan dúró. Níbi tá a ti jà, òfin ò ka táwẹ̀lì tí kóòṣì bá jù láti fi sọ pé ìjà tó sí, rẹfirí gbọ́dọ̀ rí kóòṣì fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ò bá mi sọ̀rọ̀ padà sílé. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ jà, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe ìjà ìdánrawò, fún ọjọ́ 30. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ló wọlé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́rùn. Mo gba ìbọ̀wọ́, mo gbé aago lé e lọ́wọ́, mo ní kó máa ka ìṣẹ́jú fáwọn yòókù. Ó jókòó, ó fajú ro. Ní ráùǹdì kejì ló ké láti ìdí aago pé, "Kóòṣì, ẹ wo ọmọ yẹn! Kì í dá ọwọ́ òsì rẹ̀ padà sójú!"

Mo wò ó. Òótọ́ ni.