Ọnọrébù, Orúkọ Wo Ló Wà Nínú Ìwé Mẹ́wàá Yín?

Bí ìgbà tí ẹgbẹ́ ń ta fọ́ọ̀mù ìdíje bá ti ń súnmọ́lé, pósítà ni àwọn olóṣèlú kọ́kọ́ ń tẹ̀ kí wọ́n tó rántí lọ́yà. Wọ́n á ti ya fọ́tò nínú àtíkù funfun, fìlà á ti dorí kọ apá òsì, gbogbo ẹni tó bá gba Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Mápó á ti dá ọnọrébù mọ̀. Á wá ku kí ọnọrébù fúnra rẹ̀ mọ orúkọ tó ń jẹ́.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹjọ́ ìdìbò ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn yìí, ohun tí ojú mi sì ń rí lọ́fíìsì ti sú mi. Ẹni tó fẹ́ lọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Agodi á wọlé, á jókòó, á ní, "Màmá Lọ́yà, gbogbo nǹkan ti tò." Màá ní kó kó ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Orúkọ tó wà nínú ìwé mẹ́fà yàtọ̀ sí ti ìwé mẹ́wàá. Ìwé mẹ́fà ní Wasiu, ìwé mẹ́wàá ní Waheed. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi ṣe orúkọ ìdílé nílé ẹ̀kọ́ girama, nígbà tó dé Pólì ó gbé orúkọ bàbá àgbà sí i, torí pé ẹbí ṣe ìpàdé lọ́dún kan wọ́n ní orúkọ kan ṣoṣo ni kí gbogbo agboolé máa jẹ́. Káàdì ìdìbò tún ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Pósítà tó wà ní Mọ́kọ́lá, ìnagijẹ ló wà níbẹ̀. Màá bi í pé èwo nínú wọn ló fẹ́ díje. Á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá a rín in.

Mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, Ìbàdàn náà ni wọ́n bí èmi sí. Ohun tí tíṣà gbọ́ lẹ́nu ìyá ọmọ lọ́jọ́ ìwọlé ló kọ sínú rẹ́jísítà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Súmọ́nù, Sumonu ni wọ́n kọ níbì kan, Sunmonu ni wọ́n kọ níbòmíì. Ẹlòmíì dé yunifásítì, ó di àtúnbí, Ifáwọlé sì di Olúwọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin wọlé ọkọ, ó jáde, ó tún wọ ilé òmíì, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń tẹ̀lé e láti ilé dé ilé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ìyẹn. Ọjọ́ tí o bá búra lórí fọ́ọ̀mù EC9, èyí tí olùdíje ń kọ fún INEC, ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yìí, CF001 ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa kọ orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ, ilé ìwé tó o lọ, iṣẹ́ tó o ti ṣe, wàá wá búra nílé ẹjọ́ gíga pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àjọ INEC á lẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo ayé rí i. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá láti ẹgbẹ́ míì o. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ ni, ẹni tó o nà nínú ìdìbò abẹ́lé, tó wá kí ọ kú oríire, tó bá ọ jẹ àmàlà.

Ẹ wo ìpínlẹ̀ Bayelsa. David Lyon wọlé ìdìbò gómìnà ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n búra fún un, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Abuja fagi lé ìdìbò náà. Kí ni Lyon ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Igbákejì rẹ̀, Biobarakuma Degi-Eremienyo, ni orúkọ inú àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò bára mu, orúkọ tó sì kọ sí fọ́ọ̀mù INEC kò sí lórí ọ̀kankan nínú wọn. Ó ti ṣe ìwé ìbúra láti fi tún orúkọ náà ṣe o. Ìwé ìbúra yẹn ò gbà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Duoye Diri tí wọ́n ti nà nínú ìbò ni wọ́n búra fún. Gómìnà lódindi pàdánù ipò torí orúkọ ẹlòmíì! Ìwọ tí orúkọ tìrẹ gan-an ń sáré kiri, tó o fẹ́ ṣojú ẹkùn kan ní Ìbàdàn North East, ta lo gbójú lé?

Torí náà, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ títí ó ti ń run yín nínú. Kó gbogbo ìwé rẹ jáde kí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù, kí o tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Tẹ́ wọn sílẹ̀. Fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí dé àmì kékeré tó so orúkọ méjì pọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá wà, lọ bá lọ́yà gidi kó kọ ìwé ìyípadà orúkọ fún ọ, kó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí o sì gbé ìwé ìròyìn náà pa mọ́, ojúlówó rẹ̀, kì í ṣe ojú ewé tí ẹnì kan fi fóònù yà. Kí ìwé ìbúra rẹ ka gbogbo orúkọ tó o ti jẹ́ rí lẹ́yọ lẹ́yọ, kó sọ ìgbà tó o jẹ ẹ́ àti ìdí tó fi yí padà. Lẹ́yìn náà, orúkọ kan ṣoṣo ni kí o máa lò: ní báńkì, lórí káàdì ìdìbò, lórí pósítà.

Kóòtù ni kí o ti lọ búra. Mò ń sọ ọ́ torí àwọn kan tó máa ń rìn gbéregbère lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tí sítáǹpù wà nínú báàgì wọn bí ìgbà téèyàn gbé gúgúrú. Wọ́n á ta ìwé ìbúra tí wọ́n ti lù ní sítáǹpù sílẹ̀ fún ọ, ìwọ á kọ ohun tó wù ọ́ sí i. Ó pọ́ọ́kú, ó yá. Lọ́jọ́ tí lọ́yà alátakò bá pe rẹ́jísítírà wá jẹ́rìí pé ìwé yẹn ò jáde látọ̀dọ̀ òun, wàá mọ iye tí pọ́ọ́kú ń jẹ́.

Ọjọ́ orí, jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ẹgbẹ́ fà ọ́ kalẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn, mi ò ní tẹnu mọ́ ọn. Láti ọdún 2018, ọmọ ọdún 25 ti lè díje sílé aṣòfin ìpínlẹ̀. 30 ni tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò, kí ẹ má ṣe máa gba owó oṣù lọ́wọ́ ọ̀tún kẹ́ ẹ máa pín ìrẹsì ìpolongo lọ́wọ́ òsì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdìbò abẹ́lé, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ohun tó ń mú inú bí mi ni ọ̀rọ̀ digirii. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó fún ẹni tó ń tẹ ìwé ẹ̀rí nínú yàrá ẹ̀yìn. Ta ló béèrè digirii lọ́wọ́ yín? Abala 106 ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé kí aṣòfin ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Dé ìwọ̀n ni òfin wí. Kóòtù sì ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ẹni tó bá ka ilé ìwé náà dópin ti kà dé ibẹ̀, bó yege o, bó gbòdo o. Abala 318 tún la ọ̀nà míì: ẹni tó ní ìwé mẹ́fà, tó ti ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún mẹ́wàá, yálà lọ́dọ̀ ìjọba tàbí níléeṣẹ́ aládàáni, tó ti lọ àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àpapọ̀ wọn tó ọdún kan, tó sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ ọ́, kó sọ ọ́ débi tó tẹ́ INEC lọ́rùn, òun náà yege. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ ń fo ògiri, orí ògiri yẹn gan-an ni abala 107 wà: ẹni tó bá gbé ayédèrú ìwé ẹ̀rí fún INEC kò lè wọlé mọ́.

Salisu Buhari di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Abuja lọ́dún 1999. Ó ní òun gboyè ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, àwọn yẹn ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ó tún fi ọjọ́ orí kún ọjọ́ orí, torí pé kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí òfin wí nígbà náà. Kó tó di ìparí oṣù keje ọdún yẹn, ó ti kúrò lórí àga. Ti ọjọ́ orí yẹn, mo mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n digirii Toronto? Kò sí ibi tí òfin ti béèrè rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan bi mí nígbà kan pé, "Màmá Lọ́yà, báwo ni ẹni ọdún 32 ṣe ń di olórí Ilé? Nǹkan wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ Adébọ̀ Ògúndoyin, tó di olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀yọ́, ló ń sọ. Mo ní kó jókòó kí n sọ nǹkan tó wà níbẹ̀ fún un. Michael Adéyẹmọ tó jẹ́ olórí Ilé, tó ń ṣojú Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá, kú ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Wọ́n ṣe àtúndì ìbò ní oṣù kẹfà, Ògúndoyin gbé àsíá PDP, ó wọlé. Ó tún wọlé ní 2019, wọ́n fi í ṣe olórí Ilé ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ó tún rí bẹ́ẹ̀ ní 2023. Mọnsúrátù Súnmọ́nù, obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn ní 2011, kọjá sílé aṣòfin àgbà ní 2015. Gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ló ní ìwé, ọmọ aráyé lè lọ wò ó. Ọmọkùnrin yẹn fi ojú wò mí bí ẹni tí mo fi ìdí òògùn pa mọ́ fún.

Mi ò bá onífá jà, mi ò sì bá àlùfáà jà. Bàbá mi náà ṣe tírà. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbé fọ́ọ̀mù rẹ sábẹ́ ọpọ́n, tí adí máa kán sórí ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí, iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún ọ? Fọ́ọ̀mù kan bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ń rùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí ó ju ọ̀rọ̀ adí lọ.

Ó wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé, ojú gbogbo ayé ló ṣe. Nígbà tí orúkọ jáde, orúkọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Ìwé òfin, abala 285, fún irú ẹjọ́ báyìí ní ọjọ́ 14 péré. Láti ọjọ́ tí nǹkan náà bá ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, Sátidé wà níbẹ̀, Sọ́ńdè wà níbẹ̀, ọdún Iléyá ò sí lára ohun tí ń dá a dúró. Ọkùnrin yìí ò wá sọ́dọ̀ lọ́yà. Ó lọ bá àgbà ẹgbẹ́. Àgbà ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ ní Mọ́lété láyé Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú Ìbàdàn, àwọn á pe ara wọn. Wọ́n ń pe ara wọn. Láàárín ìpè yẹn, ó lọ bá bàbá kan lọ́nà Ìdó, bàbá ní ọjọ́ méje ni òun máa fi bá a ṣe é, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé kankan títí ọjọ́ méje á fi pé. Ẹni tó yẹ kó máa fọwọ́ sí ìwé ìpẹ̀jọ́!

Nígbà tó máa dé ọ̀dọ̀ mi, ọjọ́ 14 ti kọjá. Mo fi kàlẹ́ńdà ara ògiri hàn án, mo kà á lójú rẹ̀. Ó ní kí n kọ déètì ọ̀sẹ̀ tó kọjá sórí ìwé ìpẹ̀jọ́, pé òun mọ ẹnì kan ní rẹ́jísírì. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó rí lọ́yà míì tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń bẹ nílùú, wọ́n sì ń wọ wíìgì bíi tiwa. Adájọ́ ò tilẹ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹjọ́ náà ti pẹ́ jù, ó dà á nù. Ẹ̀tọ́ ọkùnrin yẹn ni ipò náà o, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní, ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní fídíò, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò tirẹ̀ ò tilẹ̀ débi ìdìbò abẹ́lé lọ́jọ́ yẹn. Ọdún mẹ́rin ni ẹni yẹn fi jókòó ní Agodi tó ń gba owó oṣù rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin tó wá bá mi yẹn ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gbági láti san gbèsè fọ́ọ̀mù.

Bí wọ́n bá sì sọ fún ọ pé nǹkan òṣèlú ni, kì í ṣe nǹkan òfin, bi wọ́n pé aṣòfin mélòó ló wà ní Ọ̀yọ́. Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, 18 nínú wọn ní àwọn yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà. Òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 22. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ló bá wọn ṣe ìṣirò náà ní oṣù kejìlá, gómìnà padà sórí àga. Lónìí, òun ni Olúbàdàn.

Ẹ̀yin tí ìdìbò gidi ti kọjá lórí yín, tí ẹ rò pé wọ́n yàn yín jẹ, ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì lẹ ní láti fi pẹjọ́. Tìrìbúnà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò ní ọjọ́ 180 láti dá a, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 60. Ibẹ̀ ló parí sí fún aṣòfin ìpínlẹ̀. Gómìnà àti ààrẹ ló ń dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lórí ẹjọ́ èsì ìbò. Ẹ̀yin ò lè dé ibẹ̀. Ẹnì kan ṣì kó owó wá bá mi lẹ́yìn tí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó ń gbà á nímọ̀ràn, tí kì í ṣe lọ́yà, sọ pé Abuja ló kù. Mo ní kó kó owó rẹ̀, kó lọ bi olùgbaninímọ̀ràn náà pé abala wo nínú ìwé òfin ló ti kà á.