West Indies: ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì tí kò ní orílẹ̀-èdè

Bí ìròyìn kíríkẹ́ẹ̀tì bá ń lọ lọ́wọ́, orúkọ orílẹ̀-èdè lẹ máa gbọ́: India, Pakistan, Australia, England. Àárín wọn ni West Indies ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní ààrẹ, kò ní ìwé ìrìnnà, kò ní owó tí wọ́n ń ná. Àsíá rẹ̀ pàápàá, àjọ eré ló ni ín: igi ọ̀pẹ kan lórí erékùṣù kékeré, àti igi mẹ́ta tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù máa ń fẹ́ wó lulẹ̀ nínú eré náà. Àdéhùn ni West Indies. Àwọn ìlú tó yí òkun Caribbean ká ló fẹnu kò pé ikọ̀ kan ṣoṣo làwọn yóò máa fi bá ayé díje.

Àjọ 6 ló ni ikọ̀ náà. Mẹ́rin dúró fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan: Barbados, Jamaica, Trinidad and Tobago, àti Guyana, tí kì í ṣe erékùṣù rárá, tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ South America ló wà. Ẹ̀karùn-ún ni Leeward Islands, níbi tí Antigua and Barbuda àti St Kitts and Nevis wà. Ẹ̀kẹfà ni Windward Islands: Dominica, Grenada, St Lucia, St Vincent and the Grenadines. Orílẹ̀-èdè olómìnira 10 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn erékùṣù kéékèèké tó ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Netherlands. Keacy Carty, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún West Indies lóde òní, ọmọ Sint Maarten ni, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Netherlands.

Kì í ṣe gbogbo Caribbean ló wà níbẹ̀ o. Cuba, níbi tí òrìṣà wa ti fìdí múlẹ̀, baseball ni tiwọn. Bermuda ní ikọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì bá wọn lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2007.

Àwọn àjọ 6 yìí ló ń para pọ̀ darí Cricket West Indies, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Antigua. Ìbò wọn dọ́gba. Barbados tí èèyàn rẹ̀ kò tó 300,000 ní agbára kan náà pẹ̀lú Jamaica tí tirẹ̀ ju mílíọ̀nù 2 àtààbọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n bá ti kéde orúkọ àwọn tí yóò ṣeré, erékùṣù tí wọn kò mú ọmọ rẹ̀ á ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ohun tó ń dín ẹjọ́ náà kù ni ìdíje abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966, níbi tí àwọn àjọ 6 náà ti ń bá ara wọn díje, kí ojú gbogbo ayé lè rí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá.

Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti òyìnbó tó ń ṣe oko ìrèké ló gbé eré náà dé. Ní 1886, àkójọ eléré láti erékùṣù mélòó kan lọ sí Canada àti Amẹ́ríkà. Òyìnbó ni wọ́n. Ní 1928 ni wọ́n ṣe Test àkọ́kọ́ wọn, ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù. Test ni irú eré tó ga jù: ọjọ́ 5, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì gbá lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta ni wọ́n ṣe lọ́dún náà, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú gbogbo rẹ̀. Ọdún 1930 ni wọ́n tó ṣẹ́gun England nínú Test kan, ní Georgetown ní Guyana. George Headley, aláwọ̀ dúdú, gbá run (àmì ayò) 114 nígbà àkọ́kọ́, ó gbá 112 nígbà kejì.

Headley yìí kan náà, ẹyọ Test kan péré ni wọ́n jẹ́ kó ṣe balógun ikọ̀ fún, ní 1948. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni pé òyìnbó ló gbọ́dọ̀ máa darí, bó ti wù kí aláwọ̀ dúdú mọ eré tó. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí òyìnbó ń darí náà ló ń gba ògo wá. Ní 1950, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọn kò tíì ṣe ju eré ńlá méjì-méjì lọ kí wọ́n tó wọkọ̀ òkun, Sonny Ramadhin ọmọ Trinidad àti Alf Valentine ọmọ Jamaica, ló lé àwọn tó ń gbá fún England jáde ní ìgbà 18 nínú ìgbà 20, ìgbà 10 nínú gbígbá kọ̀ọ̀kan, ní Lord's. Ramadhin ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìran rẹ̀ wá láti India tó ṣeré fún West Indies. Lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ará India wá ṣiṣẹ́ oko ní Trinidad àti Guyana. Àwọn ọmọ wọn àti ọmọ ẹrú láti Áfíríkà ló wá para pọ̀ di ikọ̀ kan.

C.L.R. James, tó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Trinidad, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ balógun náà sùn. Ní 1960 ni wọ́n fi Frank Worrell, aláwọ̀ dúdú, jẹ balógun, ó sì kó wọn lọ sí Australia. Nínú Test tí wọ́n ṣe ní Brisbane, ikọ̀ méjèèjì parí sórí run 737, ọ̀mì àkọ́kọ́ nínú ìtàn Test. Ife tí ikọ̀ méjèèjì ń jìjàdù fún títí dòní, orúkọ Worrell ló ń jẹ́. Ní 1962, bọ́ọ̀lù fọ́ agbárí Nari Contractor, balógun India, ní Barbados. Worrell wà lára àwọn tó fún un ní ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ tí àwọn erékùṣù náà dá sílẹ̀ ní 1958 túká, nítorí Jamaica ti dìbò pé òun ń lọ. Ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì kò túká.

Ohun tí ayé fi mọ̀ wọ́n jù ni àwọn ajubọ́ọ̀lù mẹ́rin. Ní 1976, ní Port of Spain, Clive Lloyd, balógun wọn, fi ọkàn tán àwọn mẹ́ta tó ń fi ọwọ́ yí bọ́ọ̀lù; India ní láti gbá 403, wọ́n sì gbá 406. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń fi agbára jù ú ló gbára lé. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: bọ́ọ̀lù 6 ni over kan, ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ ju over méjì tẹ̀lé ara wọn. Bí méjì bá ń jù, méjì ń sinmi, tí ó bá sì rẹ àwọn tí ń jù, àwọn tó ti sinmi á gbà á lọ́wọ́ wọn. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré 140 kìlómítà ní wákàtí kan á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a láàárín nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni náà kò rí àyè mí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ń sáré wá láti ọ̀nà jíjìn máa ń fi àkókò ṣòfò, iye over ọjọ́ kan á sì dín kù. Síbẹ̀, láti 1980 títí di 1995, ẹnikẹ́ni kò borí wọn nínú ọ̀wọ́ Test kankan, ìyẹn Test mélòó kan tí ikọ̀ méjì ń bá ara wọn ṣe léra. Wọ́n ti gba Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 1975 àti 1979.

Owó ló wá tú agbára yẹn ká. Láti Kingston dé Georgetown ju 2,000 kìlómítà lọ, ọkọ̀ òfúrufú nìkan ló sì so wọ́n pọ̀. Ọjà tẹlifíṣọ̀n wọn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti India. Nígbà tí IPL, ìdíje T20 olówó ńlá ti India, bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ lè mú owó wá ju ọdún kan lọ́dọ̀ àjọ. Ní 2014, àríyànjiyàn lórí owó mú kí àwọn eléré fi ìrìn àjò India sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Nínú T20, eré kúkúrú, wọ́n gba ife àgbáyé ní 2012 àti 2016. Nínú Test, Australia lé gbogbo wọn jáde sórí run 27 ní Kingston ní July 2025.

Irú àdéhùn yìí ti wà nílé wa rí. Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone àti Gambia jọ ṣeré gẹ́gẹ́ bí West Africa nínú ìdíje ICC, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ní 1982, kí Nàìjíríà tó wọ ICC fúnra rẹ̀ ní 2002. Ní ti Caribbean, ibi tí àdéhùn náà kò ti ṣiṣẹ́ ni ìdíje tí orílẹ̀-èdè nìkan lè wọ̀. Ní Commonwealth Games ti 1998, Barbados, Jamaica àti Antigua lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 2022, ikọ̀ obìnrin Barbados nìkan ló lọ. Kíríkẹ́ẹ̀tì ń padà sí Olympics ní Los Angeles ní 2028, West Indies kò sì lè fi orúkọ yẹn wọlé, nítorí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àjọ Olympics tirẹ̀.