Wíwá ìdí àṣìṣe nínú sọ́fítíwíà ìṣàkóso iṣẹ́ lórí sáfà UNIX

Sọ́fítíwíà ìṣàkóso iṣẹ́ ni ètò tó ń pín agbára sáfà kan (kọ̀ǹpútà ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò pọ̀), ìyẹn CPU tó ń ṣe ìṣirò, mẹ́mọ́rì àti ìlò dísìkì, láàárín àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí iṣẹ́ kan má baà gba gbogbo rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ lórí àwọn sáfà ńláńlá tó ń lo UNIX, ìyẹn ìdílé ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí AIX, HP-UX àti Solaris wà nínú rẹ̀: Workload Manager ti AIX, tí IBM fi kún AIX 4.3.3 ní ọdún 1999. Workload Manager ti HP-UX, tó ń lo Process Resource Manager (PRM) tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Àti ètò project (orúkọ tí Solaris ń pe ẹgbẹ́ iṣẹ́) pẹ̀lú Fair Share Scheduler (FSS), tó ti wà nínú Solaris láti Solaris 9 ti ọdún 2002. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀ nígbà tí irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ kò bá pín agbára sáfà bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ibi tí ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó ń lo sáfà kì í ráhùn nípa ìpín. Ohun tí yóò sọ ni pé ẹ̀rọ ń falẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè Odógunyàn, ní Ìkòròdú, ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí sáfà AIX kan ṣoṣo ti ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tó sì tún ń kó ìjábọ̀ ọjà jọ. Ní ọjọ́ tí oṣù máa parí, akọ̀wé owó tẹ bọ́tìnnì, ó dúró. Orúkọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó tún dúró. Ó pe alábòójútó sáfà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó, kò dá wa lóhùn mọ́ láti àárọ̀.” Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn alábòójútó ni pé kí òun fi kún ìpín kíláàsì tí wọ́n pè ní isanwo. Kíláàsì ni ẹgbẹ́ tí sọ́fítíwíà náà ń to iṣẹ́ sí, ìpín sì ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹgbẹ́ kan ṣe máa rí agbára sáfà gbà tó bí a bá fi wé àwọn yòókù. Àṣìṣe tó ń gba àkókò èèyàn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, nítorí pé bí ètò ìsanwó kò bá sí nínú kíláàsì isanwo, a lè sọ ìpín kíláàsì náà di ìlọ́po mẹ́wàá, kò ní kan ètò náà rárá. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè yòókù ni pé: inú kíláàsì wo gan-an ni iṣẹ́ náà wà báyìí?

Lórí AIX, àṣẹ ps -eo pid,user,class,args ló ń dáhùn rẹ̀. Lórí HP-UX, ps -efP ń fi ẹgbẹ́ PRM tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà hàn. Lórí Solaris, ps -eo pid,project,class,args ń sọ project àti kíláàsì ìtò iṣẹ́ (ọ̀nà tí Solaris ń gbà pín CPU, kì í ṣe irú kíláàsì ti AIX), bí àpẹẹrẹ FSS tàbí TS, ìyẹn time-sharing, tí kì í wo ìpín.

Bí ètò ìsanwó bá wà nínú kíláàsì Default ti AIX, a jẹ́ pé kò sí òfin kankan tó bá a mu nínú fáìlì rules, níbi tí a ti ń kọ iṣẹ́ tó yẹ kí ó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì wà nínú System, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé orúkọ root, ìyẹn orúkọ alábòójútó àgbà lórí sáfà, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni AIX ti ń ka àwọn òfin wọ̀nyí, òfin àkọ́kọ́ tó bá sì bá iṣẹ́ náà mu ni yóò lò. Ìdí nìyí tí òfin tó gbòòrò, bí èyí tó kó gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka owó sínú kíláàsì kan, fi máa ń gbé iṣẹ́ lọ síbi tí kò yẹ bí wọ́n bá kọ ọ́ sókè òfin tó dárúkọ ètò kan pàtó. Ó tún yẹ kí a wo ojú ọ̀nà fáìlì tí òfin náà dárúkọ, torí ojú ọ̀nà kíkún ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Lórí HP-UX, bí ètò náà bá jẹ́ skírípìtì (àwọn àṣẹ tí a kọ sínú fáìlì), ètò tó ń kà á, bíi ṣẹ́ẹ̀lì tàbí Perl, ni PRM yóò rí. Ojú ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀lì náà ni a ó kọ sínú òfin, a ó sì wá fi orúkọ skírípìtì ṣe orúkọ kejì. Kí a sì ní sùúrù díẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe: bí a kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni PRM máa ń dúró kí ó tó tún wo bóyá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní ẹgbẹ́ tó yẹ ẹ́.

Ìpín àti òdiwọ̀n

Ìpín kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ àṣìṣe ló sì ti ibẹ̀ wá. Bí isanwo bá ní ìpín 20, tí ijabo, kíláàsì ìjábọ̀ ọjà, sì ní 10, ìdá méjì nínú mẹ́ta CPU ni ti isanwo nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́. Bí kíláàsì kẹta tó ní ìpín 10 bá jí, ti isanwo yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ìdajì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fáìlì kankan. Nígbà tí CPU bá sì kù sílẹ̀, ìpín kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá dán an wò lórí sáfà tí kò níṣẹ́ púpọ̀ lè rò pé sọ́fítíwíà náà ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ohun tí wọ́n ń dù ni.

Òdiwọ̀n líle, tí AIX ń pè ní hardmax, yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ará Ìkòròdú mọ irú rẹ̀ lójú títì: bí ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 bá ṣófo, dánfó tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kíláàsì tó ti kan hardmax yóò ṣe máa dúró nígbà tí CPU wà lófo. Ti mẹ́mọ́rì ló léwu jù, nítorí pé sáfà yóò máa kó ojú ìwé mẹ́mọ́rì kíláàsì náà lọ sórí dísìkì bí mẹ́mọ́rì tilẹ̀ ṣẹ́ kù, iṣẹ́ náà yóò sì falẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá lo vmstat, àṣẹ tó ń fi ìlò mẹ́mọ́rì hàn, tó sì rí i pé àwọn òpó pi àti po (ojú ìwé tó ń wọlé láti dísìkì àti èyí tó ń jáde lọ síbẹ̀) ń ga, tí mẹ́mọ́rì sì wà nílẹ̀, kí ó yẹ òdiwọ̀n yìí wò kí ó tó ronú pé kí wọ́n ra mẹ́mọ́rì sí i.

AIX tún ní ipele, láti 0 sí 9. Ipele 0 ló ń kọ́kọ́ gba tirẹ̀, ìyẹn ni pé kíláàsì tó wà ní ipele tí nọ́ńbà rẹ̀ ga lè pa ebi mọ́nú bí ìpín rẹ̀ tilẹ̀ tóbi.

Lẹ́yìn tí iná bá lọ

Níbi tí iná ọba ti ń ṣe ségesège, tí UPS kò sì gbé ẹ̀rọ dé ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ máa dìde, sáfà lè kú kí ó sì tún tàn fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé sọ́fítíwíà ìṣàkóso bá a dìde. Lórí AIX, wlmcntrl -q ló ń sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Nínú smit, ètò àkójọ àṣàyàn fún alábòójútó AIX, ni a ti ń yàn pé kí ó máa bẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tí sáfà bá tàn. Lórí HP-UX, WLM_ENABLE nínú /etc/rc.config.d/wlm gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Ọ̀fìn míì wà lórí AIX: bí ètò fáìlì tí /opt/isanwo, ibi tí ètò ìsanwó wà nínú àpẹẹrẹ wa, wà lórí rẹ̀ kò bá tíì so mọ́ sáfà nígbà tí AIX ń ka àwọn òfin, AIX yóò fo òfin tó dárúkọ rẹ̀, iṣẹ́ náà yóò sì bọ́ sínú Default. Àṣẹ wlmcntrl -u ni a fi ń mú kí ó tún wọn kà.

Ipò ìwòran pẹ̀lú máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó fi wlmcntrl -p dán ètò tuntun wò lè gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ní ipò yìí, AIX ń to iṣẹ́ sí kíláàsì, wlmstat, àṣẹ tó ń fi ìlò kíláàsì kọ̀ọ̀kan hàn, sì ń gbé ìṣirò jáde dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ìpín kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Àṣẹ wlmd -p ń ṣe irú rẹ̀ lórí HP-UX. Níbẹ̀, wlmd -c ni a fi ń yẹ fáìlì ètò wò kí a tó lò ó, /var/opt/wlm/msglog sì ni a ti ń ka ohun tí ètò náà ń ráhùn lé lórí. Ìṣẹ́jú àáyá 60 ni àlàfo láàárín àtúnpín kan àti èkejì bí a kò bá yí i padà. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ fáìlì ní gbogbo ìṣẹ́jú kò ní mọ àtúnṣe tó ṣiṣẹ́. 

Lórí Solaris, ohun tó yẹ kí a ṣọ́ jù ni kí iṣẹ́ FSS àti iṣẹ́ TS má ṣe wà papọ̀ lórí CPU kan náà, nítorí pé ìpín FSS kò ní ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ìgbà tí sáfà bá tún tàn ni dispadmin -d FSS, àṣẹ tó ń fi FSS ṣe ọ̀nà ìtò iṣẹ́ sáfà, tó ń múlẹ̀. Àṣẹ priocntl ni a fi ń kó àwọn iṣẹ́ tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ sínú FSS.

Nígbà tí iṣẹ́ bá wà nínú kíláàsì tó yẹ, tí ìpín rẹ̀ tó, tí ètò kò sì sí ní ipò ìwòran, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ CPU ni wọ́n ń dù. Ní Odógunyàn tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, òpó DKIO (ìlò dísìkì) nínú wlmstat lè fi hàn pé ijabo ló gba dísìkì, tí isanwo sì ń dúró dè é, bí CPU tilẹ̀ ń ṣeré. Ìpín dísìkì ijabo ni a ó dín kù nígbà náà, tàbí kí a gbé ìjábọ̀ náà sí òru, lẹ́yìn tí àwọn akọ̀wé bá ti lọ sílé.