Ìdí tí àwọn aboyún àti ìyá ìkókó kan fi ń pa ọ̀rọ̀ HIV mọ́ra

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, aboyún ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé kòkòrò HIV ti wọlé. Kì í ṣe pé òun ló kó o wá o. Oyún ló gbé e dé iléewòsàn, àyẹ̀wò HIV sì wà lára àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún aboyún níbi púpọ̀ láyé. Ọkọ ní tirẹ̀ lè má rí ìdí tó fi yẹ kóun lọ. Bí èsì bá wá jáde, ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ni wọ́n á pè ní ẹni tó kó àrùn wálé. Bí wọn ò tilẹ̀ rí nǹkan kan lára ọkọ, ìyẹn ò fi hàn pé ìta ni ìyàwó ti lọ kó o: kòkòrò yìí lè wà lára ẹni fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí àmì, ó sì lè ti wà níbẹ̀ kí tọkọtaya tó pàdé. Ta ló máa ráyè ṣàlàyé ìyẹn láàárín ìjà? Lílù, ìkọ̀sílẹ̀, àìrówó oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù, lásìkò tí kò lágbára iṣẹ́.

Oògùn ń ṣiṣẹ́, kò sí àní-àní. Láìsí ìtọ́jú, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló lè kó o látinú oyún, ìrọbí tàbí ọmú. Ìtọ́jú lè fà á wálẹ̀ sí abẹ́ 5. Àmọ́ oògùn ọ̀hún náà ló ń tú àṣírí. Ike rẹ̀ a máa dún ṣẹkẹṣẹkẹ nínú báàgì, làwọn kan bá dà á sínú ike mìíràn. Ti ìkókó tún wà níbẹ̀, oògùn olómi tí wọ́n ń fún un lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. “Kí ló ń ṣe ọmọ yìí tó fi ń mu oògùn?” Kí ni ìyá fẹ́ sọ?

Kéèyàn má sọ fún ará ilé yàtọ̀ sí kó má lo oògùn. Ẹlòmíì ń lo tiẹ̀ déédéé, aládùúgbò ò sì mọ̀. Ibi tó ti léwu ni kó fo oògùn torí àlejò wà nílé. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò tọkọtaya fi dára: àwọn méjèèjì á jọ gbọ́ èsì lẹ́ẹ̀kan náà, bí obìnrin bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọmọ, èròjà tí ara ìyá fi ń bá kòkòrò jà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ títí di nǹkan bí oṣù 18, àyẹ̀wò kan sì lè rí i bí ọmọ ò tilẹ̀ ní kòkòrò náà, nítorí náà àyẹ̀wò kan ṣoṣo kì í tó. Àwọn ìyá kan a máa dúró de èsì tó kẹ́yìn kí wọ́n tó la ẹnu.