Kọ̀ǹpútà olówó gọbọi kọ́ ló ń gé fídíò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá ní Kétu níbí, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kalẹ̀ níwájú mi bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀rọ yìí ò lè gbé montage, ìyẹn gígé fídíò. Mo ti rí ẹni tó máa ra alùpùpù mi, mo fẹ́ fi owó rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tó le dáadáa." Alùpùpù yẹn ló fi ń kó àgbàdo ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Mo ní kó ṣì jókòó ná.

Ohun tó gbà gbọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ló gbà á gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀: pé ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ ńlá àti kámẹ́rà ńlá kò lè kọ́ bí a ṣe ń gé fídíò, àti pé bí àrà tó wà lórí fídíò bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe dára tó. Àwọn ọmọ tó lẹ́bùn jókòó, wọ́n ń dúró de owó, ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí.

A jọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ agboolé wọn ni, ìṣẹ́jú 9. Fóònù ló fi yà á, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nìkan, mo ka ìgbà 14 tí àwòrán yí bí táyà, tó ṣí bí ewé ìwé, tàbí tí ìràwọ̀ dà sí i lára. Oníjó gbẹ́sẹ̀ sókè, kò tíì gbé e kalẹ̀, ìràwọ̀ ti bò ó. Èyí tó wá burú jù ni pé gbogbo ibi tó ti gé àwòrán ló ti gé ìlù. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó dákẹ́ lójijì, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn láti ìdajì.

Àwọn àgbà ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ojú ni wọ́n wí, àmọ́ ẹni tó bá ti dúró lójú agbo mọ̀ pé etí ló ń fa ojú lọ. Ohun tí ìlù bá wí ni ṣaworo ẹsẹ̀ oníjó máa dáhùn. Bí fídíò bá ń lo àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìlù sì fi àwòrán 3 péré pẹ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀, ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ijó náà kò ní wọ̀ ọ́ lára mọ́. Kọ̀ǹpútà wo ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn fún un?

Kí kọ̀ǹpútà tó dé rárá ni wọ́n ti ń gé fíìmù. Ọdún 1924 ni Moviola, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo fíìmù bí wọ́n ṣe ń gé e, tí Iwan Serrurier ṣe, dé ọwọ́ àwọn tó ń gé fíìmù. Ṣáájú rẹ̀, àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò. Wọ́n á na fíìmù sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn.

Ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov, onífíìmù ará Rọ́ṣíà, mú àwòrán ojú òṣèré kan ṣoṣo. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo ọbẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkú nínú pósí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ obìnrin kan. Wọ́n ní àwọn tó wò ó yin òṣèré náà: ẹ wo bí ebi ṣe ń pa á, ẹ wo bí ó ṣe ń ṣọ̀fọ̀, ẹ wo bí ìfẹ́ ṣe hàn lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni, kò yí padà rárá. Ohun tó tẹ̀ lé e ló yí padà. Iṣẹ́ gígé fídíò gan-an nìyẹn: kí ló máa ṣáájú, kí ló máa tẹ̀ lé e, ibo la ó ti kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó bá mọ èyí lórí fóònù máa mọ̀ ọ́n níbikíbi.

Mi ò sọ pé ẹ̀rọ kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun méjì ni ọmọ yìí rí tó fi ń dá ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́bi. Àkọ́kọ́ ni pé fídíò ń ta kókó nígbà tó bá ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti fi fóònù yà á ní 4K, èyí tí àmì àwòrán rẹ̀ jẹ́ 3840 ní ìbú, 2160 ní gíga, ìlọ́po mẹ́rin 1920 lọ́nà 1080. WhatsApp sì ni gbogbo ẹbí ti máa wò ó! Kó yà á ní 1080 láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti yà tẹ́lẹ̀, Kdenlive àti Shotcut, àwọn software tí a fi ń gé fídíò tí a kì í fowó rà, ní ohun tí wọ́n ń pè ní Proxy: wọ́n á ṣe ẹ̀dà kékeré kan tí wàá máa fi ṣiṣẹ́, tí o bá parí, ojúlówó ni wọ́n máa lò láti fi gbé iṣẹ́ jáde.

Ìkejì ni pé nígbà tí fídíò fi máa dé ìparí, ẹnu ti ń ṣáájú ohùn. Èyí ló dẹ́rù bà á jù. Fóònù ló fà á. O lè ní kó ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó ya 30 níta gbangba, kó sì dín in kù tó bá wọ abẹ́ òjìji. Software kan á rò pé iye kan náà ni látòkè délẹ̀, àṣìṣe kékeré á wá máa gorí ara wọn. Gbé fídíò náà gba inú HandBrake, software tó ń yí fídíò padà, òun náà ọ̀fẹ́ ni, yan Constant Framerate, ìyẹn ni pé kí iye àwòrán má yí padà látòkè délẹ̀, kó tó di pé o bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan náà ti ya ijó yẹn, ó dúró sójú kan nítòsí àwọn onílù, kò sì pa fóònù rẹ̀ títí ijó fi parí. Mo ní kó lọ gbà á wá. A fi ìlù inú rẹ̀ sí abẹ́, odindi, a kò gé e rárá, a wá ń to àwòrán sórí rẹ̀. Báwo la ṣe mú méjèèjì bára mu? A wá ibi tí ọ̀pá kan awọ ìlù nínú fídíò tiẹ̀, a wá ibi tí ohùn ìlù kan náà ti yọ gogoro bí òkè lórí ìlà tí software fi ń ya ohùn, nínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a fi wọ́n sí orí ara wọn. Nígbà mìíràn, kí àwọn méjèèjì kàn jẹ́ kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú fóònù wọn kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju báyìí lọ.

Ó yọ àwọn ìràwọ̀ kúrò fúnra rẹ̀. Ó gé ibi tí àwọn èèyàn kàn ń rìn kọjá, ó gé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n. Ìṣẹ́jú 9 di 4. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, ó dá ibì kan dúró, ó sún àwòrán náà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún un wò. Ó tún sún un. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, kò sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ oníjó ti kan ilẹ̀ gan-an ni ìlù ti dún.