Òfin rọ́bà dé: ṣé búrọ́ṣì ìfọyín mi náà wà nínú ẹ̀?

Ní 1 Oṣù Keje 2025 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin tó de rọ́bà àlòsọnù ṣẹ. Ìròyìn náà fúnra rẹ̀ ò le. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó bá gbéra láti Aláúsá, kó tó kọjá Ògólóńtò dé Sábó, ó ti máa ń wọ agbádá. Nígbà tó fi máa dé Ìgbógbó, wọ́n ní wọ́n ti fòfin de páàdì, wọ́n ní ṣáńpù ló kàn. Mo tiẹ̀ pàdé ẹnì kan tó ti ra búrọ́ṣì méjìlá pamọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kó àwọn ìbéèrè tí mò ń gbọ́ ní Ìkòròdú jọ, pàápàá èyí tó kan balùwẹ̀.

Kí ni wọ́n fòfin dè gan-an?

Páálí oúnjẹ funfun tó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, èyí tí à ń gbé oúnjẹ lọ sílé nínú rẹ̀ (wọ́n ti kọ́kọ́ kéde tiẹ̀ ní Oṣù Kìíní 2024), igi rọ́bà tí a fi ń fa ohun mímu, kọ́ọ̀bù àlòsọnù, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì rọ́bà, àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìnípọn rẹ̀ kò tó 40 máíkírọ́ọ̀nù. Tokunbo Wahab, Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, ló kéde rẹ̀.

Búrọ́ṣì, ṣáńpù àti páàdì ńkọ́?

Wọn ò sí níbẹ̀.

Máíkírọ́ọ̀nù wo? Báwo ni màá ṣe mọ ọ̀rá tó tó 40?

Pín mìlímítà kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan níbẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù. Irun orí èèyàn nípọn tó bíi 70, ìwé tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókópì tó bíi 100. Ọ̀rá tí kò tó 40 fẹ́lẹ́ ju irun lọ nìyẹn. Ìyá aláta ní Sábó ò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn èyí, ẹ̀yin náà ò ní in. Àmì tí mo fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ọ̀rá fẹ́lẹ́ máa ń pariwo ṣàràṣàrà lọ́wọ́, tí tòmátì díẹ̀ bá sì wọ inú rẹ̀, etí rẹ̀ á ti fẹ́ já. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí ní kóòtù o.

Tí òfin ò bá kan balùwẹ̀, kí ló wá kàn wá nínú ọ̀rọ̀ rọ́bà inú rẹ̀?

Ẹ tẹ̀ lé àwọn tó ń ṣa ike kiri àdúgbò fún wákàtí kan péré. Wọ́n á mú ìgò omi, wọ́n á mú ọ̀rá piọ wọ́tà, wọ́n á mú korobá tó ti là. Tí wọ́n bá dé orí rọ́bà ọṣẹ ìfọyín tó ti tán, wọ́n á fò ó. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ; kò sí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wọn ni. Rọ́bà ọṣẹ ìfọyín kì í sábà jẹ́ ẹyọ nǹkan kan: rọ́bà ló wà lóde, bébà alumíníọ́mù fẹ́lẹ́ ló wà láàárín, rọ́bà mìíràn tún wà nínú. Ọ̀rá ṣáńpù kékeré náà kò yàtọ̀. Búrọ́ṣì ìfọyín, oríṣi rọ́bà kan ni ọwọ́ rẹ̀, òmíràn ni irun rẹ̀, irin tín-ín-rín ló sì di irun náà mú. Ẹni tó fẹ́ yọ́ rọ́bà kó fi ṣe tuntun kì í fẹ́ àdàlù. Páàdì àti pámpásì tí a ti lò, ẹ ò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí wọn kì í fi í mú un.

Ìgò ṣáńpù líle ni wọ́n ń mú. Ẹ yí ìdí rẹ̀ síta, ẹ ó rí nọ́ńbà kan nínú àmì onígun mẹ́ta. 1 àti 2 ni wọ́n sábà máa ń wá. Ẹ ṣan inú rẹ̀ kí ẹ tó kó o fún wọn.

Ìyókù, tí ọkọ̀ akólẹ̀ bá kó o, ó di ààtàn. Tí kò bá kó o, gọ́tà ló ń wọ̀, láti ibẹ̀ ó di odò Májídun, ó di ọ̀sà. LAWMA, àjọ tó ń rí sí ìkólẹ̀ l'Ékòó, ti máa ń sọ pé pàǹtírí Èkó tó 13,000 tọ́ọ̀nù lójúmọ́. Kì í ṣe balùwẹ̀ ló ni gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ti balùwẹ̀ wà lára èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ ṣá. Búrọ́ṣì yín kọ́ ló ń fa omíyalé tó ń dé bá àwọn ará Májídun àti Ajégúnlẹ̀ létí odò. Ìyẹn, odò Ògùn tó kún àti omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọyán wà nídìí rẹ̀. Ohun tí rọ́bà ń ṣe ni pé omi tí ì bá ti lọ á dúró sí gọ́tà tó dí, á wá yà wọlé tẹ̀yin.

Ṣé kí n kó korobá, abọ́ àti bútà rọ́bà mi dà nù, kí n ra onírin?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Korobá tó ti wà nílé láti ọdún mẹ́wàá kọ́ ni ìṣòro wa, ohun tí à ń lò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bútà gan-an, òun ló ń bá yín dín tíṣù àti wáìpù kù láìpariwo.

Wọ́n ní kí n ra búrọ́ṣì oparun. Ṣé kò ní rọ́bà kankan nínú?

Ó ní. Ọwọ́ rẹ̀ ni oparun. Irun tó ń wọ ẹnu yín, náílọ́ọ̀nù ni lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí ti èyí tí ẹ fẹ́ sọ nù. Ẹni tó ń tà á lè má sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ìtàn rẹ̀ dùn díẹ̀. Títí di 1938, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe búrọ́ṣì nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn ni náílọ́ọ̀nù tí ilé-iṣẹ́ DuPont ṣe wọ ọjà lára búrọ́ṣì ìfọyín, kó tó dé ara ìbọ̀sẹ̀ obìnrin pàápàá. Títí di òní, àwọn tí kò fẹ́ rí rọ́bà rárá ṣì ń ta búrọ́ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ‘iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni gbogbo ara rẹ̀’. Ní ìlú tí mùsùlùmí pọ̀ sí bíi tiwa, ó yẹ kéèyàn ka ara páálí kó tó fi í sẹ́nu.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Àwọn oníṣègùn eyín ní kí a máa pààrọ̀ búrọ́ṣì ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta síra. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin á lo 16 lọ́dún. Tí ọwọ́ gbogbo wọn bá jẹ́ oparun, rọ́bà tí ẹ yẹra fún kì í ṣe kékeré, bó ti wù kí irun rẹ̀ rí. Tí ó bá gbó, ẹ fi ẹ̀mú fa irun náà tu, ẹ kó irun sínú ìdọ̀tí, ẹ ri ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tí owó rẹ̀ bá wá tó ti búrọ́ṣì mẹ́rin, èmi ò ní bá yín jà tí ẹ bá fi í sílẹ̀.

Pákò ńkọ́? Àbí ti ayé àtijọ́ nìyẹn?

Ayé àtijọ́ wo? Orín àtà wà lórí àtẹ lọ́jà títí di àárọ̀ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti sọ láti àwọn ọdún 1980 pé kí ibi tí pákò ti jẹ́ àṣà máa lò ó lọ. Kò ní ọ̀rá, kò ní ìdérí, ẹ lè ju èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ sídìí igi kó sì jẹrà.

Ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀. Ẹni tó bá ń fi agbára gbo ó síwá sẹ́yìn, èrìgì rẹ̀ á máa sún sókè, eyín á sì máa dun ún tó bá mu omi tútù. Ẹ rún orí rẹ̀ kó rọ̀ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fà á láti èrìgì lọ sórí eyín. Kò sì ní fúlóráìdì tó pọ̀ tó èyí tó wà nínú ọṣẹ ìfọyín láti dènà eyín jíjẹrà. Ohun tí èmi ń ṣe: pákò láàárọ̀, ọṣẹ àti búrọ́ṣì kí n tó sùn. Ọmọdé tó fẹ́ràn súìtì, ẹ má gba ọṣẹ onífúlóráìdì lẹ́nu rẹ̀ nítorí rọ́bà.

Kànrìnkàn ìbílẹ̀ ni mò ń lò, ṣé mo ti bọ́?

Ẹ wò ó dáadáa ná. Èyí tó dà bí àwọ̀n, aláwọ̀ pupa, búlúù tàbí ewé, tí a lè fà gùn ju apá lọ, náílọ́ọ̀nù ni. Ìyá yín lè ti máa lò ó láti kékeré, ìyẹn ò sọ ọ́ di ìbílẹ̀. Àwọn òyìnbó ló tún wá sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní kànrìnkàn ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì ń tà á lówó gọbọi.

Kànrìnkàn gidi, ara ìtàkùn ni. Wọ́n á lù ú títí á fi di fọ́nrán aláwọ̀ pàkìtí. Kànrìnkàn ayaba náà wà, èso kan tó jọ kùkúńbà ni: á gbẹ lórí ìtàkùn, ẹ bó o, ẹ gbọn kóró rẹ̀ dànù, ó parí. Ó máa ń hù láìbéèrè lára ọgbà, kóró rẹ̀ kan ṣoṣo lè tó ilé kan. Àwọn méjèèjì kì í pẹ́ tó oníke, wọ́n sì ń fẹ́ oòrùn. Èyí tó bá wà ní tútù nínú balùwẹ̀ láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ajé, kòkòrò ló ń fi pa yín lára.

Ọṣẹ olómi tàbí ọṣẹ líle?

Líle. Bébà ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó sì ń pẹ́ bí ẹ bá gbé e sórí ohun tí omi ń ro kúrò nínú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú náà dára, eérú àti àdín ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ inú ọ̀rá ni wọ́n ń fún un sí báyìí. Ẹ gbé abọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Á kọ́kọ́ wò yín bákan.

Ní ti ọ̀rá ṣáńpù kékeré, mo mọ̀ pé owó ló ń mú wa rà á, kì í ṣe ìfẹ́. Nínú ilé tí yàrá kojú síra, àwọn obìnrin mẹ́ta lè dá owó ìgò ńlá kan kí wọ́n sì pín in. Ó máa ń dín owó kù, tí ìjà ò bá ti inú rẹ̀ jáde.

Páàdì aláṣọ: ṣé ó mọ́?

Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ ṣe ló máa mọ́. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ọmọbìnrin ń kó àrùn níbi tí a ti ń tijú. Páàdì inú ọ̀rá, rọ́bà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, láti ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kó jò dé ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ti aláṣọ ń lọ fún ọdún kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Omi tútù ni ẹ ó kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, torí omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà oòrùn. Oòrùn gidi o. Èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn kó máa gbẹ níbẹ̀, kì í gbẹ, òórùn àti kòkòrò ló ń kó jọ. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí ojú tó o, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ kan bò ó lórí okùn.

Ife nǹkan oṣù náà wà, èyí tí obìnrin ń fi sójú ara kó lè gba ẹ̀jẹ̀; sílíkóònù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ ó máa sè é nínú omi híhó láàárín oṣù sí oṣù, kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 12 lọ lára kí ẹ tó dà á nù kí ẹ sì ṣan án, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá.

Tí omi kò bá tó nílé yín, tàbí tí ọmọ yín wà ní ilé-ìwé tí kò ní omi, ẹ ra páàdì inú ọ̀rá kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá yín lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga síbẹ̀.

Ṣé mo lè da wáìpù sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Rárá. Rọ́bà wà nínú èyí tó pọ̀ jù, kì í jẹrà, á dí páìpù, á sì mú kí ṣọ́kàwéè yín kún kíákíá. Páàdì náà, bẹ́ẹ̀.

Kí n sun ún ńkọ́, tí ọkọ̀ akólẹ̀ bá pẹ́?

Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí. Èéfín rọ́bà kì í ṣe èéfín igi. Àwọn oríṣi rọ́bà kan ń tú dáyọ́síìnì sílẹ̀ tí wọ́n bá jóná, májèlé tó ń dá àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀, eérú rẹ̀ sì ń wọ inú ilẹ̀ tí a gbin ẹ̀fọ́ sí. Ẹ dì í sínú àpò kan, ẹ gbé e sókè kí ajá má tú u, ẹ dúró de ọkọ̀.

Tí ẹnì kan bá ní kí n san owó ìtanràn nítorí ohun inú balùwẹ̀ mi?

Ẹ ní kó fi ìwé tó kọ ọ́ sí hàn yín. Kò ní rí i.

Mo ti ra búrọ́ṣì méjìlá pamọ́. Kí ni kí n ṣe sí wọn?

Ẹ lò wọ́n. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin nílé, á gbé yín dé oṣù mẹ́sàn-án. Èyí tó bá gbó nínú wọn, ẹ fi fọ ìdí bàtà.